Mísà Látìn ní Róòmù, Mísà Yorùbá nílé wa

Láti ìgbà tí Kádínà Raymond Burke ti ṣe Mísà ayé àtijọ́, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Látìn, ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Pétérù Mímọ́ ní Róòmù, lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ni ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Àbúrò mi kan tó ń gbé Èkó ló bi mí. Ó wo Mísà náà lórí fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bó sì ṣe parí ló kọ̀wé sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé irú eléyìí la ní tẹ́lẹ̀? Ta ló gbà á lọ́wọ́ wa?"

Lẹ́yìn ọdún 1990 ni wọ́n bí i. Látìn tó mọ̀ kò ju èyí tí a máa ń kọ lórin nígbà tí Fadá bá gbé Sákírámẹ́ntì Mímọ́ jáde kí a júbà lọ. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni gbà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Síbẹ̀, ìrora tó wà nínú ìbéèrè náà kì í ṣe ti ẹnu lásán. Mo mọ ohun tó ń bá yí lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo mọ ìkéde tó máa ń gùn ju ìwàásù lọ. Mo mọ igbá ọrẹ tó máa ń jáde lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, tí wọ́n á ní kí àwọn tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ajé dìde, kí àwọn tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun dìde, ká wo àwọn tó mú owó wá jù. Mo mọ bí a ṣe ń gba Ara Kristi tán tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe kí èèyàn tó rí ààyè sọ fún Olúwa pé ẹ ṣeun.

Ọ̀dọ́ tó bá ti irú ibẹ̀ bọ̀, tó wá rí ilé ńlá kan tó kún fọ́fọ́ tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ dákẹ́, tí Kádínà àti ìjọ jọ kọjú sí ibì kan náà, tí tùràrí ń rú, tí kò sí ẹni tó ń wo aago, dandan ni kó bèèrè. Mo ṣèlérí pé n óò dá a lóhùn. Ìdáhùn náà gùn ju ohun tí èèyàn lè fi ránṣẹ́ lórí fóònù lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síbí.

## Ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí, tí wọ́n ń tì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka búlọ́ọ̀gù yìí mọ ìtàn náà, n kò ní fà á gùn. Ìwé Mísà tí Pópù Paul Kẹfà gbé jáde ní 1969 là ń lò. Èyí tó wà ṣáájú rẹ̀ ni Pius Karùn-ún fi òǹtẹ̀ lù ní 1570, tí John Kẹtàlélógún ṣe àtúntẹ̀ rẹ̀ kẹ́yìn ní 1962. Ní oṣù Keje ọdún 2007, Benedict Kẹrìndínlógún kéde pé kò sí òfin kankan tó pa ìwé àtijọ́ náà rẹ́, pé àlùfáà tó bá fẹ́ lè lò ó. Ó kọ̀wé sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù pé ohun tí àwọn ìran ìṣáájú kà sí mímọ́, mímọ́ náà ni fún wa. Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2021, Pópù Francis dá ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó ní bíṣọ́ọ̀bù nìkan ló lè yọ̀ǹda rẹ̀, kí wọ́n má ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì páríìṣì mọ́, kí wọ́n má sì dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ní 2023 Róòmù tún fún un mọ́ra sí i: bíṣọ́ọ̀bù tó bá fẹ́ kí wọ́n ṣe é ní páríìṣì, àfi kó kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́dọ̀ wọn.

Francis kò ṣàdédé ṣe é. Wọ́n ti kọ̀wé béèrè ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù káàkiri ayé ní 2020. Ohun tó sọ ni pé ààyè tí àwọn tó ṣáájú òun fi sílẹ̀ kí Ìjọ lè wà ní ọ̀kan, àwọn kan ti ń fi ya Ìjọ, wọ́n sì ń fi kọ Àpéjọ Vatican Kejì sílẹ̀, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù ayé tó ní kí a tún ètò ìsìn ṣe. Irọ́ kọ́ ló pa. Ẹni tó bá ti ka ohun tí àwọn kan ń kọ nípa Mísà wa, tí wọ́n ń pè é ní ayédèrú, tí wọ́n ń sọ fún ìyá àgbà tó ti ń gba Olúwa láti àárọ̀ ọjọ́ rẹ̀ pé kò tíì rí Mísà tòótọ́ rí, yóò mọ̀ pé àrùn kan wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òògùn náà kan ẹni tí kò ṣàìsàn. Ìdílé tó ń lọ síbi Mísà àtijọ́ nítorí àdúrà, tí kò bá Pópù kankan jà, tí kò kọ Àpéjọ kankan, ṣàdédé di ẹni tí wọ́n ń wá àyè kan fún lẹ́yìn ìlú. Èyí dùn mí nígbà yẹn, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Nígbà tí Leo Kẹrìnlá gorí àga ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, gbogbo ìhà ló ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé e, ó dúró níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì fi ohùn ara rẹ̀ kọ Regina caeli, orin sí Màríà Mímọ́, ní Látìn. Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan lọ́dún náà, ó ní ọ̀rọ̀ Mísà àtijọ́ ti di ohun tí àwọn èèyàn fi ń ya ara wọn sọ́tọ̀, àti pé òun fẹ́ jókòó bá àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó rán wa létí pẹ̀lú pé Mísà tí à ń ṣe lónìí gan-an, a lè ṣe é ní Látìn, kò sí ẹni tó dí wa lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni Mísà ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá wáyé. Ní 2023 àti 2024, àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ tí Burke ṣe Mísà náà fún kò rí ààyè ṣe Mísà wọn nínú ilé yẹn. Ọdún 2025 ni wọ́n tún rí i, ìyọ̀ǹda Pópù ló sì jẹ́ kí ó ṣeé ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn ní Róòmù. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àbúrò mi kì í ṣe nípa Róòmù. Ó ní "lọ́wọ́ *wa*". Ta ni wa?

## Ìdáhùn Bàbá

Mo mú fídíò náà tọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ ní Ìbàdàn. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n ti ṣe katikíìsì rí. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, àwọn ló máa ń sin Mísà fún àwọn Fadá òyìnbó SMA, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún Áfíríkà, ní Òkè-Padre. Mo ti pinnu ohun tí mo rò pé wọn yóò sọ. Mo rò pé wọn yóò ní, "Ẹ ò rí i? Ohun tí mo ń sọ fún yín láti ọjọ́ yìí nìyẹn."

Bí wọ́n ṣe rí Kádínà lẹ́sẹ̀ pẹpẹ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Wọn kò dúró de ẹnikẹ́ni. *Ad Deum qui laetificat juventutem meam*, sọ́dọ̀ Ọlọ́run tó ń mú ìgbà èwe mi yọ̀. Ohùn wọn kò gbọ̀n. Láti ibẹ̀ wọ́n bọ́ sí *Confiteor*, àdúrà ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n sì tẹrí ba sórí àga tí wọ́n jókòó lé, tí iwájú orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Wọ́n kà á dópin láìṣì í kà. Ó ti tó ọgọ́ta ọdún tí ẹnikẹ́ni ti ní kí wọ́n sọ ọ́. Àwọn ọmọ ilé tó wà níbẹ̀ dákẹ́, wọ́n ń wò wọ́n. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé irú ohun bẹ́ẹ̀ wà nínú wọn.

Nígbà tí wọ́n dákẹ́, mo bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n dá a padà?"

Ó pẹ́ kí wọ́n tó fèsì. "Èmi ni mò ń dáhùn," wọ́n ní. "Èmi àti ọmọ kejì tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyá mi wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn obìnrin yòókù, wọ́n ń ka rósárì. Mo ti ń sin Mísà tipẹ́ kí ìyá mi tó bi mí lọ́jọ́ kan pé, kí lẹ máa ń sọ fún Fadá níbẹ̀ yẹn?"

"Kí lẹ sọ fún wọn, Bàbá?"

"Mo ní èmi náà ò mọ̀."

Wọ́n wá sọ ti ọjọ́ tí Fadá kọ́kọ́ ṣe Mísà ní Yorùbá fún mi. Wọ́n ní ìyá àwọn dáhùn sókè débi pé àwọn tó wà níwájú yíjú padà wò ó. Láti ọjọ́ náà, kò mú rósárì jáde nínú Mísà mọ́ títí ó fi sùn nínú Olúwa. Bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀, ǹ bá ti padà sílé pẹ̀lú ìdáhùn tó rọrùn láti fi ránṣẹ́ sí Èkó. Wọn kò fi mọ síbẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀rù Ọlọ́run tó wà lójú ìyá mi nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan," wọ́n ní, "ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ẹ ò ní in."

Mi ò rí nǹkan sọ. N kò tíì rí èsì tó tó o títí di ìsinsìnyí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè, àwọn àgbà wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí Bàbá mọ̀ nípa pẹpẹ náà, èmi tí mo lè ka gbogbo ìwé tó jáde nípa rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

## Ohun tí Àpéjọ sọ

Mo lọ tún ìwé Àpéjọ Vatican Kejì nípa ìsìn mímọ́ kà, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1963. Bíṣọ́ọ̀bù 2,147 ló gbà á, mẹ́rin péré ló kọ̀. Bí èèyàn bá fi etí sí àríyànjiyàn tó ń lọ lónìí, yóò rò pé ìwé náà lé Látìn jáde, ó sì fi èdè ìbílẹ̀ jọba. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí kẹrìndínlógójì ní kí a pa Látìn mọ́, ó sì ní kí a fi àyè gba èdè àwọn èèyàn nítorí àǹfààní tó wà níbẹ̀. Orí kẹrìnléláàádọ́ta ní kí a rí i dájú pé ìjọ lè sọ apá tó jẹ́ tiwọn, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ lórin, ní Látìn. Síbẹ̀síbẹ̀, ìwé yìí kan náà ló sọ pé níbi tí àwọn èèyàn bá ti ní orin ìbílẹ̀ tiwọn, kí a bọ̀wọ̀ fún un, kí a sì fún un ní ipò tó yẹ nínú ìsìn.

Ohun méjèèjì ni wọ́n fi lé wa lọ́wọ́. Ohun tí ìyá Bàbá gbà lọ́jọ́ tó dáhùn sókè, àti ohun tó wà lójú rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù 2,147 kò rò pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ pa èkejì jẹ. Àwa la ṣe bí ẹni pé dandan ni kí ó pa á jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí ó máa ń bí mi nínú bí mo bá gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ níbi pẹpẹ, ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó tó ń ṣàárò ayé àtijọ́ ni. Ọmọ Áfíríkà méjì ló ti ṣe olórí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìsìn mímọ́ ní Róòmù láàárín ogún ọdún: Kádínà Francis Arinze, ọmọ Nàìjíríà, láti 2002 sí 2008, àti Kádínà Robert Sarah, ọmọ Guinea, láti 2014 sí 2021. Àwọn méjèèjì ló tẹnu mọ́ ìdákẹ́jẹ́ àti ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Ní 2016, Sarah tilẹ̀ rọ àwọn àlùfáà pé kí wọ́n tún máa kọjú sí ìhà kan náà pẹ̀lú ìjọ níbi pẹpẹ. Kò sí ẹni tó ní láti kọ́ ọmọ Áfíríkà bí a ṣe ń wólẹ̀ níwájú ẹni tó ju èèyàn lọ. Ọmọ Yorùbá tó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọba, báwo ló ṣe wá ń fi ọwọ́ bọ àpò gba Ọba àwọn ọba?

## Ṣáájú kí Fadá tó dé

Ìbéèrè "ta ni wa" tún gbé mi padà sí Èkó ṣáájú 1863. Kò tíì sí àlùfáà tó ń gbé ibẹ̀. Àwọn Àgùdà ti ń ti Brazil padà bọ̀, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ, tí wọ́n sì gba òmìnira. Ọ̀kan nínú wọn ni àwọn èèyàn ń pè ní Padre Antonio, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àlùfáà. Ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ jọ fún àdúrà, ó ṣèrìbọmi fún ọmọ wọn, ó dúró ti òkú wọn. Nígbà tí Francesco Borghero, Fadá SMA, dé Èkó ní 1863, kò bá ilẹ̀ òfìfo. Ìjọ ti wà níbẹ̀, ó ń retí rẹ̀.

Mísà Látìn kọ́ ni àwọn èèyàn wọ̀nyí fi gbé ìgbàgbọ́ wọn ró, kì í sì í ṣe Mísà Yorùbá. Mísà gan-an ni wọn kò ní. Rósárì ni wọ́n ní, àti àdúrà àti orin ní èdè Pọtogí. Nígbà tí Fadá dé, wọ́n mọ ohun tó mú dání. Mo ń sọ èyí nítorí pé nígbà tí a bá ń jiyàn lórí ìwé tó yẹ kí Fadá ṣí, ó yẹ kí a rántí pé àwọn tó bí wa sínú Ìjọ yìí ní ìfẹ́ Mísà ṣáájú kí wọ́n tó ní Mísà. Ebi rẹ̀ ti pa wọ́n. Èmi tí Mísà ń dún létí mi lójoojúmọ́, mo máa ń lọ nígbà tí ó bá rọ̀ mí lọ́rùn.

## Oyè-Èkìtì

Àwọn tó fẹ́ràn Mísà àtijọ́ máa ń bẹ̀rù pé bí ìlù àti àṣà ìbílẹ̀ bá wọlé, ohun mímọ́ yóò jáde. Àwọn tó fẹ́ràn ìlù náà máa ń sọ pé kí Àpéjọ tó dé, Ìjọ fi àṣà wa ṣe ohun ẹ̀gbin. Oyè-Èkìtì ta ko àwọn méjèèjì.

Ní 1947, ọdún mẹ́rìndínlógún ṣáájú ìwé Àpéjọ yẹn, Fadá Kevin Carroll àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ SMA bẹ̀rẹ̀ ibi iṣẹ́ ọnà kan ní ìlú náà. Wọ́n pe àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ Yorùbá, wọn kò pe àwọn tó ń fara wé òyìnbó. Bandele wá láti Òsì, ọmọ Areogun tí òkìkí iṣẹ́ ọnà igi rẹ̀ kàn jákèjádò Èkìtì. Lamidi Fakeye wá láti Ìlá, ìdílé agbẹ́gilére, Mùsùlùmí sì ni. Àwọn ahunṣọ àti àwọn tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣọnà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n gbẹ́ ìyá àti ọmọ, wọ́n gbẹ́ àwọn ọba tó wá júbà Jésù bí ọba ilẹ̀ wa, wọ́n hun aṣọ tí Fadá ń wọ̀ dé ibi pẹpẹ. Ẹni tó bá dé ilé àdúrà Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn yóò rí ilẹ̀kùn tí Lamidi gbẹ́.

Mísà wo ni wọ́n ń ṣe nígbà náà? Mísà 1570 ni. Látìn ló wà lẹ́nu Fadá, aṣọ tí ọmọ Yorùbá hun ló wà lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ pé kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yẹn kọ́kọ́ kọ ọgbọ́n bàbá wọn sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ pé kí a kọ́kọ́ fa Mísà ya kí wọ́n tó rí àyè. Ibi iṣẹ́ náà kò pẹ́ ju 1954 lọ, ó sì máa ń ṣe mí bíi pé a kò jókòó ronú tó lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń kọ nípa iṣẹ́ ọnà mọ Oyè-Èkìtì dáadáa. Àwọn ọmọ tó ń sin Mísà lọ́jọ́ Ìsinmi kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

## Oṣù méjì nínú ọdún 1988

Ọdún 1988 ni mo fi ń sùn, òun ni mo fi ń jí ní àwọn ọ̀sẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún náà, Róòmù fọwọ́ sí ìwé Mísà fún àwọn dáyọ́sísì Zaire, ilẹ̀ tí à ń pè ní Kóńgò báyìí. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, oṣù méjì géérégé lẹ́yìn rẹ̀, Marcel Lefebvre, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi èèyàn mẹ́rin jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Écône, ní ilẹ̀ Switzerland, láìgba àṣẹ Pópù, nítorí kí Mísà àtijọ́ má bàa parun. Ìjà tó ti ibẹ̀ wá kò tíì tán.

Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé Lefebvre lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní Áfíríkà. Ó ṣe míṣọ́nnárì ní Gabon, ó di bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní Dakar, láti 1962 sí 1968 ló sì fi ṣe olórí àwọn Fadá Ẹ̀mí Mímọ́, ẹgbẹ́ tó gbé ìgbàgbọ́ Kátólíìkì lọ sí ilẹ̀ Ìgbò. Kì í ṣe ẹni tí kò mọ̀ wá. Ohun tó rí gbà ló fẹ́ dáàbò bò, ìfẹ́ yẹn sì yé mi. Ohun tí kò yé mi ni bí ọmọ ṣe lè dáàbò bo ohun ìní ilé nípa jíjáde kúrò lábẹ́ òrùlé bàbá rẹ̀.

Àwọn ará Kóńgò gba ọ̀nà míì. Kádínà Joseph Malula ti Kinshasa àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà láìpẹ́ lẹ́yìn Àpéjọ, wọ́n kọ̀wé, Róòmù béèrè, wọ́n tún un ṣe, Róòmù tún béèrè. Bí ogún ọdún ló gbà wọ́n. Mísà tí wọ́n rí gbà, Mísà Róòmù ni, orúkọ tó wà lẹ́yìn ìwé náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n máa ń pe àwọn ẹni mímọ́ àti àwọn babańlá ọlọ́kàn títọ́ pé kí wọ́n wá bá ìjọ gbàdúrà. Ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àti ìkíni àlàáfíà wá lẹ́yìn ìwàásù, nígbà tí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bá ti wọni lára. Wọ́n ń jó yí pẹpẹ ká, ijó náà sì létò, ó ní ọ̀wọ̀, kì í ṣe ijó òde ìnáwó. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2019, Pópù Francis fúnra rẹ̀ ṣe Mísà yìí nínú ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́.

Inú ilé kan náà ni Burke ti ṣe tirẹ̀ ní 2025. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ó wù mí kí àwọn tó ń bá ara wọn jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wo fídíò méjèèjì tẹ̀ léra lọ́jọ́ kan. Wọn yóò rí ohun kan náà nínú méjèèjì: àwọn èèyàn tó mọ iwájú ẹni tí wọ́n wà.

## Ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ wa

Mo wá lè dá àbúrò mi lóhùn. Mísà Látìn kọ́ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Mísà Yorùbá ni.

Nínú ọ̀pọ̀ páríìṣì tí mo mọ̀ ní Èkó àti ní Ìbàdàn, aago mẹ́fà àárọ̀ ni Mísà Yorùbá, nígbà tí ọmọdé ṣì ń sùn. Àwọn ìyá àgbà ló kún ibẹ̀, pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ tètè lọ sí ọjà. Mísà Gẹ̀ẹ́sì ni ti aago mẹ́jọ àti aago mẹ́wàá, níbi tí ẹ̀gbẹ́ akọrin tó ní dùùrù wà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní katikísìmù. Ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tó dàgbà nínú páríìṣì ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Yorùbá, lè gba Kọnfamáṣọ̀n láìmọ bí a ṣe ń sọ ìgbàgbọ́ wa ní èdè ìyá ìyá rẹ̀. Kò gbọ́ Látìn, kò gbọ́ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń pín igbá ọrẹ nìkan ló mọ̀ mọ́ Mísà. Ìyá Bàbá duró de Yorùbá títí ó fi dé, ó sì yọ̀ sí i. Ọmọ-ọmọ ọmọ rẹ̀ ń jù ú nù láìmọ̀ pé òun ń ju nǹkan nù.

Mo mọ̀ pé ìlú ńlá kún fún onírúurú ẹ̀yà. Páríìṣì tó ní Ìgbò, Ẹ̀gùn, Ùròbò àti Yorùbá nínú kò lè ṣe gbogbo nǹkan ní èdè kan ṣoṣo, Gẹ̀ẹ́sì ló so wọ́n pọ̀. N kò bá ìyẹn jà. Kódà, ibẹ̀ gan-an ni Látìn ti wúlò jù. Ìgbà tí gbogbo wa bá kọ Credo, ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ wa, ní Látìn lọ́jọ́ ọdún, kò sí ẹ̀yà tó ni í, kò sì sí ẹ̀yà tó pàdánù. Bàbá àti aládùúgbò wọn tó jẹ́ Ìgbò lè jọ kọ ọ́ láìwo ìwé. Bí wọ́n bá sì kọ́ àwọn ọmọ ní ọmọ ọdún méje, mẹ́jọ, wọn yóò mọ̀ ọ́n bí wọ́n ṣe mọ orin tí wọ́n ń gbọ́ lórí fóònù.

Nítorí náà, n kò sọ fún àbúrò mi pé kí ó má wo Mísà Burke mọ́. Kí ó wò ó. Ebi tó ń pa á, ebi gidi ni, ó sì dàbí ti àwọn tó yí Padre Antonio ká. N kò sì sọ fún un pé kí ó máa wá ọ̀nà kiri títí yóò fi rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀. Mo ní kó lọ bá Fadá páríìṣì rẹ̀, kó mú àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ dání, kó má sì bá Fadá jà. Kó béèrè pé kí wọ́n gbé Mísà Yorùbá kan lóṣù sí aago mẹ́wàá, kí ẹ̀gbẹ́ akọrin tó dára jù wà níbẹ̀. Kí wọ́n fi ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tí a bá gba Ara Kristi, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan gbohùngbohùn. Kí wọ́n fi ìdíje owó ọjọ́ ìbí sí ìta, lẹ́yìn ìbùkún. Kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ katikísìmù ní Gloria àti Credo ní Látìn, kí wọ́n sì kọ́ wọn ní Sáàmù ní Yorùbá pẹ̀lú ohùn orin wa.

Àwọn bíṣọ́ọ̀bù wa ní agbègbè Ìbàdàn àti agbègbè Èkó lè ṣe ju èyí lọ. Wọ́n lè pe àwọn tó mọ ìlù, àwọn tó mọ oríkì, àwọn tó mọ Látìn àti àwọn arúgbó tó ṣì rántí, kí wọ́n jókòó bí àwọn ti Kinshasa ṣe jókòó, bó bá tilẹ̀ gba ogún ọdún. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò kan Róòmù. Ṣùgbọ́n èyí tí mo ní kí àbúrò mi lọ béèrè kò kan Róòmù rárá. Kò sí òfin 2021 tàbí ti 2023 tó dí páríìṣì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Fadá tó bá fẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀.